Títo Mọ́dẹ́lì Mọ́tò: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Jù

Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo bá kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó ta kókó ń bẹ nísàlẹ̀.

Kíni mọ́dẹ́lì mọ́tò gan-an? Ṣé kì í ṣe tọ́ì ọmọdé náà ni?

Kì í ṣe tọ́ì. Tọ́ì, wọ́n ti tò ó tán kó tó débi ọmọ, ọmọ á kàn máa tì í kiri ilẹ̀ ni. Èyí tí à ń sọ yìí, inú páálí ló ń wà, kíìtì là ń pè é, ẹ máa bá férémù rọ́bà bíi mélòó kan níbẹ̀ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì, síárìn, ìjókòó, bọ́ńpà, gbogbo ẹ̀ mọ́ ní wẹ́wẹ́, nígbà míì ó máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìwé tó ń fi àwòrán sọ èyí tó kàn. Ẹ̀yin lẹ máa gé e, ẹ̀yin lẹ máa ha á, ẹ̀yin lẹ máa kùn ún tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ti ṣe irú ẹ̀ rí ká tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Agolo mílíìkì la fi ń ṣe bọ́dì, sílípáàsì tó ti já la gé rìbìtì fún táyà, wáyà la fi ń ṣe ìdí táyà, a wá so okùn mọ́ ọn a ń fà á lọ sódò omi. Scratchbuild ni àwọn òyìnbó ń pe ìyẹn, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe gan. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan àjèjì lẹ ń ṣe.

1/24, 1/25, 1/43, kíni àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ?

Ìwọ̀n ni. 1/24 túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá to mọ́tò kékeré yẹn mẹ́rìnlélógún tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á gùn tó mọ́tò gidi kan. Ẹ wo Volkswagen ìjàpá, ti gidi lé díẹ̀ ní mítà mẹ́rin, ní 1/24 ó máa jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 17, ní 1/12 ó máa jẹ́ bíi 34, ní 1/43 kò ní tó 10, ó máa wọ àtẹ́lẹwọ́ yín pẹ́ẹ́.

1/24 làwọn ará Jàpáànì ń ṣe jù, 1/25 ni ti Amẹ́ríkà. Mọ́dẹ́lì tí àwọn tó ń ta mọ́tò ní Amẹ́ríkà fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra láyé ọjọ́un ni 1/25 ti wá, AMT tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 wà lára àwọn tó ń ṣe é, nígbà tó di 1958 wọ́n wá ń tà á ní kíìtì tẹ́ ẹ lè tò sí ọ̀nà mẹ́ta, bó ṣe jáde ní kọ́ńpìnì, tàbí kẹ́ ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje. Ẹ mú ìwọ̀n kan, ẹ dúró tì í, kí ọkọ̀ yín lè bára mu lórí pẹpẹ.

Kíìtì ilé iṣẹ́ wo ló dáa jù?

Fún ìbẹ̀rẹ̀, Tamiya, mi ò ní fi bò. Shizuoka ní Jàpáànì ni wọ́n wà, pákó ni wọ́n ń là nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1946, ọdún 1960 ni wọ́n tó ṣe kíìtì rọ́bà àkọ́kọ́ wọn, ọkọ̀ ojú omi ogun Yamato. Fujimi àti Aoshima náà, ìlú kan náà yẹn ni wọ́n wà, Hasegawa wà ní Yaizu, ìlú míì ní ìpínlẹ̀ Shizuoka kan náà. Ohun tí mo fi fẹ́ràn Tamiya ni pé tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀yà kan sí ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé e sí, ó máa wọlé, ẹ ò ní máa bá a jà.

Revell, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1943 tó wá di ti Bünde ní Jámánì báyìí, owó wọn rọjú, wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà 1 dé 5 sára páálí kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe le tó. Ẹ má fi 5 bẹ̀rẹ̀. Italeri ti Ítálì dáa fún tírélà. AMT, mọ́ọ̀dù àtijọ́ (irin tí wọ́n ń da rọ́bà sí kó lè gba ìrísí ẹ̀) ni wọ́n ṣì ń lò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀, etí rọ́bà á ti yọ kọjá ibi tó yẹ, ẹ máa ha á kó tó bára mu, àmọ́ àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà kan wà tẹ́ ẹ ò lè rí níbòmíì.

Ọkọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Èyí tẹ́ ẹ ti jókòó sínú ẹ̀ rí, tẹ́ ẹ mọ ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ wà. Tèmi ni Volkswagen 1300 ti 1966 tí Tamiya ṣe ní 1/24, torí Volkswagen ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá mi rà, lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Bọ́dì rìbìtì ni, kò ní igun mímú, ọ̀dà máa ń jókòó dáadáa sórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkọ̀ eré ìje 1/12 bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí èèyàn tó ná owó rẹpẹtẹ síbẹ̀, tó gé férémù méjì, tó wá gbé páálí sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí dòní.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Kò tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Kọ́tà kékeré tí ẹnu ẹ̀ tẹ́jú lápá kan (èyí táwọn ẹlẹ́tíríìkì fi ń gé wáyà tín-ín-rín máa ṣe é), ọ̀bẹ tó ní abẹ nọ́ńbà 11 tẹ́ ẹ lè pààrọ̀, sáńpépà 400, 600, 1000 àti 2000, ẹ̀mú kékeré, gọ́ọ̀mù, pẹ́ẹ̀gì aṣọ àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó láti fi mú nǹkan pọ̀ tí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ. Ẹ wá ní iná tó mọ́lẹ̀ àti àwo funfun kan tẹ́ ẹ máa kó ẹ̀yà kéékèèké sí. Àwo yẹn ṣe pàtàkì o, torí tí dígí iná ẹ̀yìn bá fò bọ́ sílẹ̀ tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di kẹ́ ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a lóru.

Báwo ni mo ṣe máa gé ẹ̀yà kúrò lára férémù láì bà á jẹ́?

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gé e. Ẹ kọ́kọ́ gé e jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yà náà, kí ìdí kékeré kan ṣẹ́ kù, ẹ wá gé ìdí yẹn lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹnu kọ́tà tó tẹ́jú kó kọjú sí ẹ̀yà. Tẹ́ ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà á fà, ojú ibẹ̀ á funfun, ọ̀dà ò sì ní fi gbogbo ara bo funfun yẹn. Èyí tó kù, ẹ fi 600 ha á, ẹ fi 1000 parí ẹ̀.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára bọ́dì gbogbo kíìtì, ibi tí mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé, ó sábà máa ń gba orí fẹ́ńdà kọjá. Ẹ fi èékánná yín rìn ín, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára kẹ́ ẹ tó fojú rí i. Ẹni tí ò bá ha ìlà yẹn kúrò, kò sí bí ọ̀dà ẹ̀ ṣe lè dán tó tí kò ní hàn pé rọ́bà ni. Tẹ́ ẹ bá ha á tán, ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọwo fọ gbogbo ẹ̀, torí òróró mọ́ọ̀dù máa ń wà lára ẹ̀.

Gọ́ọ̀mù wo ni kí n lò? Ṣé súpágúlù ò tó?

Súpágúlù ní ibi tó dáa sí, irin àti resin (oríṣi rọ́bà líle míì), àmọ́ gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́lì gangan kì í kàn lẹ nǹkan, ṣe ló ń yọ́ rọ́bà méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan. Tamiya Extra Thin, èyí tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, bí omi ló rí. Ẹ máa mú ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ ná, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kan ojú ìpàdé, á sáré wọlé fúnra ẹ̀.

Dígí ńkọ́? Ẹ má fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sún mọ́ dígí. Súpágúlù máa ń yọ èéfín, èéfín yẹn ló ba wínsíkíríìnì ìjàpá mi àkọ́kọ́ jẹ́, ó funfun bí ìgbà téèyàn mí èémí sí i, mo sì ti lẹ òrùlé pa kí n tó rí i. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó ni kẹ́ ẹ fi igi ìtayín kàn sétí dígí, tó bá gbẹ kò ní hàn.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ní airbrush, irinṣẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà?

Rárá. Ọ̀dà agolo tí à ń tẹ̀ lórí tó, Tamiya TS ni tèmi. (Ẹ má ra PS, ọkọ̀ rìmóòtù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.) Ẹ ki agolo bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi wọ́ọ́wọ́ o, kì í ṣe orí iná, ọ̀dà á jáde kúnná. Ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin dípò kẹ́ ẹ dà á bò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ kó tó kan bọ́dì, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó bá ti kọjá bọ́dì.

Airbrush dáa tẹ́ ẹ bá ti to bíi márùn-ún, ẹ máa lè po àwọ̀ fúnra yín, 15 sí 20 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) ló ń lò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kì í sọ ni ọ̀rọ̀ iná. Tí Nẹ́pà bá mú iná nígbà tí ẹ́ ń fín òrùlé lọ́wọ́, ó parí nìyẹn, ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí á hàn. Èmi máa ń tan jẹ́n ná kí n tó po ọ̀dà.

Ṣé mo lè lo ọ̀dà mọ́tò gidi, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀?

Ẹ lè lò ó, àmọ́ tínà inú ẹ̀ gbóná fún rọ́bà wa. Tẹ́ ẹ bá fín in lé rọ́bà lásán, ojú rọ́bà á là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí òjò ti kọ̀. Primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fín, Mr. Surfacer 1000 tàbí 1200, ẹ jẹ́ kó gbẹ dọ́jọ́ kejì, ẹ wá fín ọ̀dà mọ́tò náà fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Lákà onípòpọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní 2K, èyí tó ń mú mọ́tò dán bíi dígí, kẹ́míkà isocyanate wà nínú ẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòmú aṣọ tá a lò nígbà kòrónà ò lè dá a dúró. Ìbòmú tó ní fílítà kẹ́míkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, níta gbangba, kí ọmọ kankan má sí nítòsí. Tẹ́ ẹ ò bá ní ìyẹn, ẹ fi 2K sílẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀dà mi funfun bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun pa á?

Òjò ni. Tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, ọ̀rinrin á há sínú lákà nígbà tó ń gbẹ. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, mi ò kì í fín ọ̀dà àfi tí oòrùn bá ti ràn fún wákàtí mélòó kan. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ dúró de ọjọ́ tó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi tínà tí kì í yára gbẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́, ó sábà máa ń lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Ọ̀dà á gbẹ kíá, àmọ́ eruku! Ẹ da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ fi ike tó mọ́ dé e mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá fín in tán. Tó bá ṣì ní eruku tàbí tí ojú ẹ̀ rí bí èèpo ọsàn, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá ná. Ẹ gbé e sí imú, tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbóòórùn ọ̀dà, kò tíì gbẹ. Tí òórùn bá ti tán, ẹ fi 2000 àti omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ sí ha á, ẹ yẹra fún etí ilẹ̀kùn àti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti tín-ín-rín jù, kẹ́ ẹ wá fi compound, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò, yún un títí á fi dán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kírómù yíká wínsíkíríìnì tó fi dà bíi ti gidi?

Bare-Metal Foil ni, fọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí. Ẹ gé èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìlà náà, ẹ fi òwú ìnutí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wá fi igi ìtayín tí ẹ ti gé ẹnu ẹ̀ palẹ̀ rìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ìlà á fi yọ jáde lábẹ́ ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ abẹ, abẹ tuntun gidi, kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn jẹ́ kí ìwúwo ọ̀bẹ fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé ìlà. Èyí tó ṣẹ́ kù á ká kúrò bí ìgbà téèyàn bó èèpo àlùbọ́sà.

Abẹ tó ti kú ló ń fa fọ́ìlì ya, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Mo ti ba ọ̀dà jẹ́ pátápátá. Ṣé kí n sọ ọ́ nù ni?

Ó tì o. Ọ̀dà acrylic àti enamel, Dettol tẹ́ ẹ ní nílé máa ṣí i. Ẹ rì bọ́dì sínú Dettol tí ẹ ò bù omi là, ó di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ nínú Dettol yẹn náà. Ẹ má tíì jẹ́ kí omi kàn án! Tí omi bá kàn án nígbà tí ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á di àtè. Ìgbà tí ọ̀dà bá ti ṣí tán ni ọṣẹ ìfọwo àti omi tó kàn. Lákà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba bíréèkì fúlọ́ọ̀dù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Kírómù tí wọ́n ti kùn wá láti kọ́ńpìnì, Hypo tàbí Jik máa bó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ nǹkan ìfọṣáláńgá èyíkéyìí, èéfín tó máa jáde ńbẹ̀ lè pààyàn.

Mo fẹ́ to dánfó. Ṣé kíìtì ẹ̀ wà?

Kíìtì tí wọ́n kọ dánfó sí lára ò sí, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe dánfó nígbà tá a wà lọ́mọdé wà, Revell ṣe Volkswagen T3 ní 1/25. Primer funfun ni kẹ́ ẹ lò lábẹ́ yẹ́lò, kì í ṣe ti eérú, torí yẹ́lò kì í bo nǹkan dáadáa, tí abẹ́ ẹ̀ bá ṣú, òun náà á ṣú. Tí yẹ́lò bá gbẹ dáadáa, ẹ fi téèpù bo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìlà dúdú méjèèjì máa wà, ẹ tún fín yẹ́lò díẹ̀ sí etí téèpù kẹ́ ẹ tó fín dúdú, yẹ́lò yẹn ló máa dí ibi tí dúdú ì bá gbà wọlé. Ẹ fa téèpù sẹ́yìn kí dúdú tó le tán.

Ìkọ̀wé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láísà tẹ̀ ẹ́ fúnra yín sórí pépà decal, èyí tí wọ́n ń ki bọ omi kí àwòrán orí ẹ̀ lè ṣí kúrò lẹ̀ mọ́ bọ́dì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ní funfun, tí ìkọ̀wé yín bá funfun, orí pépà decal funfun lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ló wá ku ìjókòó onípákó, èyí kì í sí nínú páálí Revell, igi áísìkiriìmù ni mo gé ti tèmi.

Ẹni tó fẹ́ Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná láti 1975, èyí tí wọ́n ti tò tán ló rọrùn láti rí, Norev ti ilẹ̀ Faransé ṣe é ní 1/43.

Táyà ọkọ̀ tí mo tò lọ́jọ́ pípẹ́ ti jẹ wíìlì ẹ̀. Kí ló fà á?

Òróró tó ń mú táyà rọ̀ ló jáde wá, òróró yẹn ń yọ́ rọ́bà wíìlì. Kíìtì àtijọ́ ló pọ̀ jù lára. Tẹ́ ẹ bá ń to irú ẹ̀, ẹ fi fọ́ìlì yí wíìlì ká kẹ́ ẹ tó ti táyà bọ̀ ọ́. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ fi pọ́tì dí i, ẹ ha á, táyà á bo ibẹ̀.

Nǹkan míì tó jọ ọ́ ni rọ́bà pupa. Tí wọ́n bá fi rọ́bà pupa ṣe bọ́dì, tẹ́ ẹ wá kùn ún ní funfun, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó ti di píìnkì. Ẹ fín sílífà sáàárín wọn.

Mo ti lé ní àádọ́ta, ojú ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ sì ń gbọ̀n. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

Ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ̀gbọ́n. Awò tí wọ́n ń dé sórí, tó ń sọ nǹkan di ńlá, máa fún yín ní ọdún púpọ̀ sí i. Ẹ má gbé ọwọ́ sókè lófuurufú, ẹ fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, kí ìka nìkan máa ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pé ìgbọ̀n yẹn á dín kù gan. Tó bá ṣì ṣòro, ẹ lọ sókè, láti 1/43 sí 1/24, láti 1/24 sí 1/16. Ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí lórí báyìí ju ìgbà tí ojú yín mú lọ, mo sì ti rí i lára ọkọ̀ àwọn àgbà.

Ibo ni mo ti lè rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ sí Telford ní oṣù kọkànlá, ibẹ̀ ni IPMS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to mọ́dẹ́lì, ti ń ṣe ìpàtẹ Scale ModelWorld lọ́dọọdún. Tí owó bá wà, ẹ lọ síbi ìpàtẹ mọ́dẹ́lì Shizuoka ní oṣù karùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fín mọ́tò. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ọ̀dà fi ń ṣàn lára ilẹ̀kùn Camry, ó mọ̀ ọ́n lára tiwa náà, wọ́n sì máa ń fẹ́ wo ọkọ̀ yẹn tẹ́ ẹ bá mú un dání.

Kíni kí n ṣe nípa àwọn tí mo ti tò, kí wọ́n má di ìdọ̀tí lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́?

Ìbéèrè yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ má fi owó sọ́kàn, kíìtì tí wọn ò tíì ṣí ló sábà ń rówó, èyí tẹ́ ẹ ti tò kì í pa owó púpọ̀ bó ti wù kó dáa tó. Ẹ ra àpótí oní-dígí, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú tó rọ̀ gbọn eruku.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú èyí tí wọ́n fẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú píìnì tín-ín-rín, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín, ọdún tẹ́ ẹ parí ẹ̀, kíìtì tẹ́ ẹ lò àti orúkọ ọ̀dà ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lè mọ àwọ̀ tó máa rà. Abẹ́ ọkọ̀ gangan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, torí pépà máa ń sọ nù.